Àrùn Tí Ó Ti Ń Gbọ́ Oògùn: Ìtàn Éèdì àti Àwọn Orúkọ Tí Ayé Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò lónìí, ṣùgbọ́n ojú onímọ̀ èdè ni a óò fi wò ó. Àwọn oníṣègùn ti sọ tiwọn lórí éèdì, wọn kò sì tíì dákẹ́. Ohun tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè lè fi kún tiwọn ni ìtàn àwọn orúkọ tí ọmọ aráyé ti pe àrùn yìí láti ọdún 1981 wá, àti ohun tí àwọn orúkọ náà fi ojú àwọn ènìyàn rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n sì tún ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ọmọ ni ó rí fún àrùn. Orúkọ tí a bá fún àrùn ni yóò sọ bí a óò ṣe máa wo ẹni tí ó mú, bóyá a óò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí a óò tì í mọ́ yàrá kí ọ̀tá má baà gbọ́. Àwa Yorùbá pe éèdì ní àrùn kògbóògùn. Ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni. Láti ọdún 1996, kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa, ó sì ń ṣe ibi. Ohun tí ọ̀rọ̀ òní fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn.

Àrùn Tí Kò Lórúkọ

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981, àjọ tí ń mójú tó ìdènà àrùn fún ìjọba Amẹ́ríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Atlanta, tẹ ìròyìn kúkúrú kan jáde nínú ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìròyìn náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní ìlú Los Angeles tí oríṣìí òtútù àyà kan kọlù. Irú òtútù àyà bẹ́ẹ̀ kì í mú ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ó máa ń mú. Méjì nínú wọn ti kú kí ìròyìn náà tó jáde. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìròyìn mìíràn tún sọ nípa ọkùnrin 26 ní New York àti California tí oríṣìí jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n yọ sí lára.

Àwọn ọkùnrin tí a kọ́kọ́ rí àrùn yìí lára wọn jẹ́ àwọn tí ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀. Nítorí ìdí èyí, àwọn oníṣègùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní GRID, orúkọ tí ó so àrùn náà mọ́ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1982 tó parí, a ti rí i lára àwọn obìnrin, lára ọmọ ọwọ́, àti lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì tí wọ́n ń gba èròjà ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ kò ju yàrá kan péré lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àjọ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìí kọ́kọ́ lo AIDS, ìkékúrú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àkójọ àmì àìsàn tí ń yọjú nígbà tí agbára ìdáàbòbò ara bá ti wó, tí kì í sì í ṣe àbímọ́. Ìwà rere orúkọ tuntun yìí ni pé kò dárúkọ irú ènìyàn kankan. Ohun tí àrùn ń ṣe sí ara nìkan ni ó sọ.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Orúkọ ti yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n èrò ti jókòó sí ọkàn àwọn ènìyàn. Wọ́n ń ka irú ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n ní àrùn náà jẹ́ tiwọn, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Háítì sì wà lára mẹ́rin náà, bí ẹni pé ìwé ìrìnnà ni àrùn ń wò kí ó tó mú ènìyàn. Ọmọ Háítì púpọ̀ ní Amẹ́ríkà pàdánù iṣẹ́ àti ilé, wọ́n sì ní wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ wọn tọrẹ. Ó di oṣù kẹrin ọdún 1990, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi ẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Brooklyn ní New York láti fi ẹ̀hónú hàn, kí a tó wá ká òfin náà kúrò ní ọdún yẹn kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé Ryan White. Ọmọ ọdún 13 ni, ní ìpínlẹ̀ Indiana, nígbà tí a rí i pé èròjà ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ ti kó àrùn yìí ràn án. Ní ọdún 1985, ilé ìwé rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí ọmọ tí ó jókòó sórí àga fi lè kó àrùn yìí ran èkejì rẹ̀. Ryan White kú ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19.

Kòkòrò Náà àti Ilé Rẹ̀

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ jókòó tẹtẹrẹ. Ní ọdún 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ara ẹni tí ó ní àmì àrùn yìí. Ní ọdún 1984, Robert Gallo àti àwọn tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa éèdì. Àwọn ará Paris ní orúkọ tiwọn fún un, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ní tiwọn, títí di ọdún 1986 tí a fi ẹnu kò sí HIV. Ní ọdún 2008 ni Barré-Sinoussi àti Montagnier gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín orúkọ méjèèjì. HIV ni kòkòrò. Éèdì ni ipò tí ara ń bọ́ sí nígbà tí kòkòrò náà bá ti pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun ara, tí àìsàn mìíràn sì wá rí ààyè wọlé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè tó ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ẹni tí ó ní kòkòrò yìí tó dé ipò éèdì. Ní gbogbo àkókò yìí, ara rẹ̀ lè dá ṣáṣá lójú. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ òtítọ́, kì í ṣe ojú.

Ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà wọ ara kò pọ̀. Ó ń gba inú àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, ẹ̀jẹ̀ àti omi ọmú. Nítorí náà, ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà ìdáàbòbò, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á sí ènìyàn lára, àti oyún, ìrọbí tàbí ọmú ìyá tí kò gba ìtọ́jú ni ọ̀nà rẹ̀. Kì í gba ara ọwọ́ bíbọ̀, ìdìmọ́ra, àwo oúnjẹ, ife omi, ikọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ẹ̀fọn kọjá.

Ní ti ilé tí ó ti wá, ìwádìí lórí ẹ̀yà kòkòrò náà ti fi hàn pé ara ọ̀bọ ńlá tí à ń pè ní ìnàkí, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni ó ti bọ́ sára ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọdẹ ń kun ẹran igbó. Ó ba sí ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, níbi tí a ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí a gbà pamọ́ ní ọdún 1959. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yà kan tàbí ìlú kan nínú èyí. Àrùn púpọ̀ ni ó ti ara ẹran bọ́ sí ti ènìyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ohun Tí Uganda Ṣe

Ní nǹkan bí ọdún 1982, ní àgbègbè Rakai lẹ́bàá odò ńlá Victoria ní ilẹ̀ Uganda, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rù, wọ́n sì ń kú. Àwọn ará ibẹ̀ pe àìsàn náà ní Slim, èyíinì ni pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní èpè ni. Ní ọdún 1985, àwọn oníṣègùn kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet pé àrùn pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí tan mọ́ kòkòrò tí ó ń fa éèdì.

Nígbà tí Yoweri Museveni gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹní. Ó ń dárúkọ rẹ̀ níbi ìpàdé, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1987, Noerine Kaleeba, ẹni tí àrùn yìí pa ọkọ rẹ̀, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ TASO sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tí ó ń ṣe. Ní ọdún 1989, gbajúmọ̀ olórin Philly Lutaaya jáde ní gbangba, ó ní òun ní àrùn náà, ó sì ń lọ sí ilé ìwé àti ilé ìjọsìn láti kìlọ̀ títí tí ó fi kú ní ìparí ọdún yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ilẹ̀ Uganda ni ó ní kòkòrò yìí. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tuntun, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 6. Ikú àwọn tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dín iye náà kù, ṣùgbọ́n ìyípadà ìwà tí ọ̀rọ̀ òtítọ́ mú wá kó ipa ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Thabo Mbeki ń ṣiyèméjì ní gbangba bóyá HIV ni ó ń fa éèdì, ìjọba rẹ̀ sì fà sẹ́yìn láti pín oògùn. Àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Harvard ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2008 pé ẹ̀mí tí ìfàsẹ́yìn yìí gbà lé ní 330,000. Lára àwọn tí ó kú nígbà náà ni Nkosi Johnson, ọmọ tí wọ́n bí kòkòrò náà mọ́, ẹni tí ó dìde sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ àgbáyé ní ìlú Durban ní ọdún 2000. Ó kú ní ọdún 2001. Ọmọ ọdún 12 ni.

Kògbóògùn Nílẹ̀ Wa

A wá dé ilé wàyí. Ní ọdún 1986 ni ìjọba Nàìjíríà kéde àwọn aláìsàn àkọ́kọ́. Àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìlera nílò ohun tí wọn yóò pe àrùn náà fún ìyá tí ó wà lọ́jà. Wọ́n yí AIDS sí éèdì, wọ́n sì fi àlàyé síwájú rẹ̀: àrùn kògbóògùn. Ẹni tí ó bá mọ èdè wa dáadáa yóò rí i pé éèdì fara pẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ti wà láti ayébáyé, èyíinì ni èèdì, tí à ń lò fún oògùn tí a fi ń di ènìyàn kí ó má mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́. Àwáyálò ọ̀rọ̀ ni éèdì, kò sì bá èèdì tan; síbẹ̀ ó rọrùn fún etí Yorùbá láti gbọ́ ọwọ́ ayé nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè bá àwọn tí ó sọ ọ́ ní kògbóògùn jà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí kò gbọ́ oògùn, lóòótọ́ ni kò sì sí oògùn tí ó ń gbọ́ nígbà náà. Àwọn baba wa pàápàá kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná lásán. Olóde ni wọ́n ń pè é nítorí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ni ó lé Olóde lọ. Bíbupá láti ilé dé ilé ni, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 1980 pé kò sí i mọ́ láyé.

Ní ti éèdì, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1997 tí ó mi ilẹ̀ yìí tìtì. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn àti mínísítà ìlera tẹ́lẹ̀ rí, pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún wọn pé éèdì ni ó fa ikú àbúrò òun. Ẹbí púpọ̀ ni ìbá pè é ní ibà tàbí ọwọ́ ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà pe àrùn ní orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń sọ pé ìtàn òyìnbó ni éèdì sì gbọ́.

Nígbà Tí Ó Gbọ́ Oògùn

Oògùn àkọ́kọ́, AZT, jáde ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò pẹ́ títí. Ní ọdún 1994, a rí i pé bí aboyún bá lò ó, ewu kí ó kó kòkòrò náà ran ọmọ rẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọdún 1996 ni ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu: níbi àpéjọ àgbáyé ní ìlú Vancouver, àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà yóò sinmi, àwọn ọmọ ogun ara yóò sì tún gbérí. Àwọn tí ó ti ń pín ogún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi iṣẹ́.

Owó ni ó kù. Oògùn ọdún kan fún ẹnì kan ń tó dọ́là 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Brazil ṣòfin ní ọdún 1996 yẹn kan náà pé kí a máa fi oògùn náà tọrẹ fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ní ilẹ̀ Íńdíà ní òun yóò tà á ní iye tí kò tó dọ́là kan lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí láti máa ná ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba wọn lórí ìlera, ìlérí tí ọ̀pọ̀ wọn kò mú ṣẹ. Owó àjùmọ̀dá àgbáyé tẹ̀ lé e ní ọdún 2002, ètò ìjọba Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2003.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ní ọdún 2004, éèdì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 2.1 ènìyàn káàkiri ayé. Ní ọdún 2024, ó pa nǹkan bí 630,000. Ní ìparí ọdún 2024, ènìyàn mílíọ̀nù 40.8 ni ó ní kòkòrò náà lára, mílíọ̀nù 31.6 nínú wọn sì ń lo oògùn. Nílẹ̀ wa, ìwádìí láàárín àwọn aboyún ní ọdún 2001 rí kòkòrò náà lára ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìwádìí ọdún 2018, tí ó gbòòrò jù ú lọ, rí i lára ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 49.

Ohun tí ó jọni lójú jù lọ ni pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń lò pọ̀. Ìyá tí ó bá ń gba ìtọ́jú lè bí ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́. Àrùn kò lọ tán lára, nítorí bí a bá dá oògùn dúró, kòkòrò náà yóò tún jí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí à ń lo oògùn wọn títí ayé. Kí ló dé tí a kò pe àwọn yẹn ní kògbóògùn?

Orúkọ Tí Ó Yẹ Kí A Fi Sílẹ̀

Àwọn kan yóò wí pé orúkọ abanilẹ́rù dára, nítorí yóò máa kó àwọn ọ̀dọ́ níjàánu. Ẹ jẹ́ kí a yẹ èrò yìí wò. Ẹni tí ó bá gbà pé àrùn kò gbọ́ oògùn, kí ni yóò wá lọ ṣe níbi àyẹ̀wò? Ṣé kí wọ́n lè dá ọjọ́ ikú fún un ni? Kò ní lọ. Nígbà tí kò lọ, kò mọ̀. Nígbà tí kò mọ̀, kò lo oògùn. Nígbà tí kò lo oògùn, ó ń kó o ran ẹlòmíràn láìmọ̀. Bí ara rẹ̀ bá wá ṣe bí ẹni fẹ́ yẹ̀, ilé àwọn tí ń pariwo pé àgbo tàbí omi àdúrà tiwọn ń wo kògbóògùn ni yóò gbà lọ, nítorí orúkọ náà ti sọ fún un pé ilé ìwòsàn kò ní ohun tí wọn yóò fún un. Ìbẹ̀rù tí a ní yóò dáàbò bo ọ̀dọ́ ni ó ń gbé e pamọ́ fún ikú. Àwọn àgbà kò sì fi ibẹ̀ kọ́ wa. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ọdún 2014 tí ó lòdì sí kí a fi kòkòrò yìí lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọ̀rọ̀ dé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bí olùkọ́ ti lè bá a dé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ pe kòkòrò ní HIV, kí ẹ sì pe àrùn ní éèdì, láìfi kògbóògùn ṣe àsomọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe pe ènìyàn ní eléèdì, ẹ pè é ní ẹni tí ó ní kòkòrò HIV lára, nítorí àrùn kì í ṣe oríkì ẹnikẹ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka kògbóògùn nínú ìwé àtijọ́, ẹ sọ ọdún tí a kọ ìwé náà fún un, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Ní ọdún 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró, àwọn ilé ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Owó oògùn kò sí lọ́wọ́ onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò mú ènìyàn dé ibi tí oògùn wà, ọwọ́ wa ni ó wà.

Ẹ̀yin olùwòran wa, ibi tí a óò dánu dúró sí lónìí nìyí. Ẹni tí kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò, kí ó lọ ṣe é. Ẹni tí ó bá ti ń lo oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró.